Kí ẹ tó náwó sórí Precision Bass àtijọ́, gìtá báàsì ti Fender

Ọrùn gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná. Ọ̀dà tó ti ṣí kò dí orin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọrùn tó ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀, ìgbà mìíràn kì í gbọ́ àtúnṣe mọ́. Ẹ di ojú kan, kí ẹ wo etí ọrùn méjèèjì láti ìdí dé orí. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára dọ́gba.

Ẹ wá tẹ okùn E tó nípọn jù mọ́ fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kìíní àti fret tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Àlàfo abẹ́ okùn ní fret keje kò gbọdọ̀ ju bí 0.3 mm lọ. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, truss rod, irin gígùn inú ọrùn tó ń mú un tọ́, ló fẹ́ ìtọ́jú. Nínú èyí tí Fender ṣe ní 1960 sí 1969, ìdí ọrùn ni ẹnu rẹ̀ wà: ẹ dẹ okùn, ẹ tú síkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn, ẹ yí ẹnu truss rod sọ́tùn-ún ní ìdámẹ́rin ìyípo péré, kí ẹ de ọrùn padà, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá le, ẹ má fipá yí i. Ẹnu rẹ̀ a jẹ, tàbí kí irin náà já sínú igi.

Nọ́ńbà ara irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀rí ọdún, torí síkúrù mẹ́rin náà ló dè é, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó wà ní ìdí ọrùn, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ẹ̀yìn pot tí à ń yí fún ohùn. 304 6320 túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ Stackpole ló ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ ogún ọdún 1963. Pot tó dàgbà ju ọrùn lọ kò burú: Fender lo pot ọdún 1966 fún ìgbà pípẹ́. Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí sí ọrùn ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè.

Bí gìtá kò bá dún rárá, ẹ má tètè pè é ní òkú. Láti 1957, pickup rẹ̀ (ohun tó ń gba ìró okùn) jẹ́ ìdajì méjì tí wáyà so tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà bí wáyà ẹyọ kan bá já, méjèèjì á dákẹ́. Ẹ ki okùn iná gìtá bọ̀ ọ́, ẹ ṣí pot méjèèjì tán, kí ẹ fi mítà wọn ẹnu okùn náà: bíi 10k (ohm) ló dára. Bí mítà bá fò lọ sókè sí bíi 250k, pot nìkan ló ń kà, ẹ wọn ìdajì kọ̀ọ̀kan, bíi 5k. Èyí tó já nìkan ni kí ẹ gbé fún ẹni tó ń we pickup. Bí pot bá ń ha, ẹ fọ́n contact cleaner sí inú rẹ̀, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀ nígbà ọgbọ̀n. Ẹ má fi òróró ẹ̀rọ sí i.

Ihò síkúrù tó ti fẹ̀? Ẹ fi gúlù igi ti igi ìtayín bọ̀ ọ́, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó de síkúrù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha ọ̀dà rẹ̀, ẹ má kùn ún tuntun. Iye rẹ̀ lè já sí ìdajì. Bí ẹ bá sì ń rà á láti ilẹ̀ òkèèrè, tí ojú ọrùn rẹ̀ jẹ́ rosewood ti Bùràsíì, ẹ béèrè ìwé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ṣọ̀wọ́n) kí ẹ tó sanwó. Òfin náà ti ká igi yìí mọ́ láti 1992. Gbogbo ohun tí ẹ bá yọ, títí kan síkúrù tó ti dípẹtà, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ fi sínú àpótí gìtá náà.