Owó Oúnjẹ Kò Ja Oṣù Mọ́: Èmi àti Ẹ̀wà Tó Kọ̀ Tí Kò Rọ̀

Ohun tó bí mi nínú ni pé owó tí a fi ń jẹun nílé wa kò ja oṣù mọ́. Àwa mẹ́ta péré là ń jẹun, iye tí mo ń yà sọ́tọ̀ kò dín, bẹ́ẹ̀ la ò jẹ oúnjẹ ọlọ́lá kankan: ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹyin, adìyẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, kí oṣù tó parí, àpò á ti gbẹ. Àwọn èèyàn á ní kí n dín oúnjẹ ọmọ mi kù, pé wọ̀bìà ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù, torí irọ́ ni. Ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún 14 sí 18 nílò nǹkan bíi 2,000 sí 3,200 kálórì lójúmọ́, bó bá ṣe ń lo ara rẹ̀ sí; ọmọbìnrin nílò nǹkan bíi 1,800 sí 2,400. Ọmọ ọdún 16 tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè jẹ ju àgbàlagbà tó ń jókòó ṣiṣẹ́ lọ dáadáa, ara rẹ̀ ló ń béèrè. Bí ẹ bá ń bu oúnjẹ fún ẹni mẹ́ta lọ́gbọọgba, ẹ ti rẹ́ ọmọ yẹn jẹ.

Kí n tó dín ohunkóhun kù, mo ń kọ gbogbo ohun tí a bá jẹ sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí a jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Owó kì í jò níbi oúnjẹ alẹ́. Àárín ìgbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé sí ìgbà tí oúnjẹ alẹ́ bá délẹ̀ ló ti ń jò. Á jẹ búrẹ́dì, á jẹ bísíkíìtì lé e, á fi ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sìn ín, ebi á sì tún ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹ̀fun funfun àti ṣúgà kì í pẹ́ nínú. Owó ìpápánu wọ̀nyẹn tó owó oúnjẹ gidi kan, ó tún lé.

Mo wá pinnu pé oúnjẹ gidi ni yóò máa dúró dè é ní wákàtí yẹn. Kí n lè mọ èyí tó dínwó ní tòótọ́, mi ò wo iye owó kílò kan lásán. Mo fi iye gíráàmù purotéènì tó wà nínú ohun kọ̀ọ̀kan pín owó rẹ̀. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ ní ju 200 gíráàmù purotéènì lọ. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Adìyẹ tó ní egungun, ẹ ti sanwó egungun kí ẹ tó kan ẹran. Ọmọkùnrin ọdún 14 sí 18 nílò nǹkan bíi 52 gíráàmù lójúmọ́, ọmọbìnrin nílò 46. Ẹ fi iye tí ẹ ń rà á ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Bó bá jẹ́ ẹyin ló borí, ẹ mú ẹyin. Ní tèmi, ẹ̀wà ló borí, ó sì borí gan-an. Mo ra odidi àpò kan, torí pé àpò dínwó ju kílò-kílò lọ.

Àpò yẹn ló kó wàhálà dé. Ẹ̀wà náà kò rọ̀. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo da omi rẹ̀ nù, mo gbé e kaná. Lẹ́yìn wákàtí kan, àwọn kan ti fọ́ mọ́ omi, àwọn kan sì wà láàárín wọn tó jẹ́ pé bí ẹ bá gé e jẹ, á dún kọ̀ọ́ lábẹ́ eyín. Ẹ bu omi kún un, ẹ tún dúró, gáàsì ń jó, ọmọ ń ṣí ìdérí ìkòkò wò. Owó tí mo rò pé mo rí he lórí ẹ̀wà, iná ń gbé e lọ lójú mi.

Ẹni tó tà á ní iná mi ló kéré. Ẹlòmíràn ní kí n má ṣe fi iyọ̀ sún mọ́ ọn, pé iyọ̀ ló ń mú un le. Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì. Ẹ̀wà tuntun àti ẹ̀wà ògbólógbòó ni wọ́n pò pọ̀ sínú àpò kan. Ẹ̀wà tó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, inú rẹ̀ máa ń yí padà: ohun tó lẹ ara rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń pè ní pectin, á le débi pé omi gbígbóná kò ní lè tú u mọ́. Ó lè mu omi, kó wú, kó máa fani mọ́ra, síbẹ̀ kó má rọ̀. Òmíràn wà tí èèpo rẹ̀ ti dí pa tí omi kò ní wọlé rárá. Ìyẹn rọrùn láti mọ̀, torí yóò kéré láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rírẹ, ara rẹ̀ á sì máa dán.

Mo ṣa díẹ̀ nínú èyí tí mo rẹ, mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Èyí tó mu omi dáadáa, àwọ̀ inú rẹ̀ bára mu láti etí dé àárín. Èyí tí kò mu ún ní ojú gbígbẹ kan láàárín, ó funfun bí ẹfun, ọ̀bẹ sì ń ta lórí rẹ̀. Ìwọ̀n náà tún jẹ́rìí sí i: kílò kan ẹ̀wà tó dára máa ń wọn nǹkan bíi kílò méjì lẹ́yìn rírẹ mọ́jú, tèmi kò sún mọ́ ọn. Mo sọ èyí fún ẹni tó tà á, ó ní mo ti tú ẹnu àpò, òun kò gbà á padà. Títí di báyìí, inú ṣì ń bí mi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra àpò ẹ̀wà láìkọ́kọ́ ra ife kan lára rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ la á wò, ẹ sè é, kí ẹ tó náwó ńlá.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń mú ẹ̀wà le. Omi tí kálísíọ́mù àti magnesium pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tó ń fi ìpẹ́ funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ń ran líle náà lọ́wọ́. Ohun kíkan náà ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà tòmátò àti fínígà gbọ́dọ̀ dúró títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀ tán pátápátá. Iyọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù, ọ̀rẹ́ ẹ̀wà ni bó bá wà nínú omi tí a fi rẹ ẹ́: sodium inú rẹ̀ á gba ipò kálísíọ́mù nínú èèpo, èèpo á sì rọ̀.

Bí mo ṣe ń sè é báyìí nìyí. Kílò kan ẹ̀wà, lítà mẹ́ta omi, iyọ̀ 45 gíráàmù, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì àbọ̀ tí a rẹ́ lórí. Ó ń wà nínú omi yẹn fún wákàtí 8 sí 12. Bí ooru bá mú, inú fíríìjì ni mo ń gbé e sí kó má baà kan. Mo ń da omi náà nù, mo ń ṣàn án, mo ń bu omi tuntun tó ga ju ẹ̀wà lọ ní ìka mẹ́ta. Fún ẹ̀wà olórí kunkun yẹn, mo ń fi baking soda ìdajì ṣíbí tíì sí i. Iṣẹ́ tí kán-ún ń ṣe náà ló ń ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀, torí adùn ọṣẹ á wọ̀ ọ́, ó sì ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹ̀wà tuntun kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ̀wà pupa ńlá oníkídìnrín ní májèlé nínú bí kò bá jinná: ó gbọ́dọ̀ hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, 30 ló fọkàn balẹ̀ jù, ìkòkò iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kò sì lè pa májèlé yẹn. Ẹni tó bá ní pressure pot, kó lò ó, torí ó ń dín gáàsì kù gan-an. Kí ẹ̀wà àti omi má kọjá ìdajì rẹ̀, kí ẹ sì kán òróró ṣíbí kan sí i kí ìfófòó má baà dí ihò rẹ̀.

Díndín àlùbọ́sà àti ata, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Inú mi dùn sí ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ ń di nǹkan bíi kílò méjì àti 400 gíráàmù tó bá jinná, abọ́ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 300 gíráàmù. Abọ́ kan ní nǹkan bíi 25 gíráàmù purotéènì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ọmọkùnrin nílò lójúmọ́. Bí ẹ bá bu ìrẹsì 200 gíráàmù tó ti jinná sí i, ó ju 600 kálórì lọ. Ọmọ tó jẹ ìyẹn tán kì í wá bísíkíìtì kiri mọ́. Fítámì C ló ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà gbà dáadáa, nítorí náà ọsàn kan tàbí ata tútù díẹ̀ ń bá a rìn. Tíì ń dí i lọ́wọ́, kó dúró di ìgbà tí oúnjẹ bá ti dà.

Abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn ni mo ń bù ú sí kó lè tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Ó ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀. Ìyókù ń lọ sínú fírísà pẹ̀lú déètì lára ìdérí. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Kòkòrò inú rẹ̀ kì í kú lórí iná, bó bá sì pẹ́ níta, ó ń tu májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò lè pa. Láàárín wákàtí kan ni kó wọ fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ kejì tó kọjá.

Ẹ̀wà tó kù nínú àpò burúkú yẹn, mi ò dà á nù. Mo ń sè é nínú pressure pot pẹ̀lú baking soda díẹ̀, mo ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo wá ń po tòmátò àti àlùbọ́sà díndín mọ́ ọn ní ìparí. Tó bá ti di lílọ̀, èyí tó le àti èyí tó rọ̀ kò yàtọ̀ lẹ́nu mọ́, ọmọ sì ń fi búrẹ́dì nu abọ́ rẹ̀ mọ́.