Yíyan Irinṣẹ́ fún Gbígbé Pẹpẹ àti Kọ́bọ́ọ̀dù Kọ́ Ògiri Yàrá Ìgbọ́kọ̀sí

Ògiri ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni yóò sọ irú dírílì tí ẹ nílò. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, ẹ lo dírílì tí ó ń yí, tí ó sì tún ń gbá bí òòlù, pẹ̀lú ẹnu dírílì tí a ṣe fún kọnkéré. Ihò náà gbọ́dọ̀ bá ike tí ẹ óò tì sínú rẹ̀ mu, mìlímítà 8 fún ike mìlímítà 8, nítorí ike tí ó bá ń mì kò lè di súkúrúù mú. Bí ó bá jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ òpó igi, dírílì kékeré oníbátìrì tó, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹ̀rọ tí ń ṣàwárí òpó, torí pé inú òpó ni súkúrúù gbọ́dọ̀ wọ̀.

Téèpù ìwọn àti awò ìdáàbòbò ojú kò ṣeé yọ sílẹ̀. Lójú tèmi, lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi (irinṣẹ́ tí ń fi hàn bóyá pẹpẹ tẹ́jú) tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sàn ju kékeré lọ fún pẹpẹ gígùn. Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wúwo, ẹ wá ẹnì kejì tí yóò gbé e dúró. N kò tíì rí irinṣẹ́ tí ó rọ́pò rẹ̀.