Bí mo ṣe wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì mi ti gé

Àmì Wi-Fi kún dẹ́dẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, síbẹ̀ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù kankan kò ṣí. Fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń lo Wi-Fi kan náà, ó ń ṣiṣẹ́ geerege. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ pa ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, wọ́n á tún un tàn. Èmi kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, torí pé bó tiẹ̀ ṣiṣẹ́, n ò ní mọ ohun tó ṣe é, àìsàn náà lè padà wá lọ́la. Fóònù sì ti jẹ́rìí fún ráútà. Inú kọ̀ǹpútà ló yẹ kí n wá ọ̀rọ̀ náà sí.

Mo ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà Windows, mo tẹ ipconfig, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì hàn, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àdírẹ́sì mi jẹ́ 192.168.1.23, ti ráútà, èyí tí wọ́n pè ní Default Gateway níbẹ̀, jẹ́ 192.168.1.1. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ká ní 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò rí ẹni fún un ní àdírẹ́sì, ló bá wá ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Ó wá kan ping, àṣẹ tó ń wò ó bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn. Mike Muuss ló kọ ọ́ lóṣù Kejìlá ọdún 1983, ó sì fi ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi máa ń rán jáde láti mọ ohun tó wà nítòsí sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn: o ránṣẹ́, o dúró de èsì. Ìtòsí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ping 127.0.0.1, ìyẹn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ó dáhùn. Mo ping ráútà, ó dáhùn. Mo wá ping 8.8.8.8 ti Google, tó wà lóde pátápátá:

Sent = 4, Received = 4, Lost = 0

Mo tún ìlà yẹn kà. Mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ò gé rárá! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ ping google.com, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Nọ́ńbà ń dé, orúkọ ni kò dé. DNS, tó ń bá wa sọ orúkọ di nọ́ńbà, ló dákẹ́. Mo tẹ nslookup google.com, àṣẹ tó ń béèrè nọ́ńbà orúkọ lọ́wọ́ DNS: “DNS request timed out.” Mo tún un tẹ̀, mo fi 8.8.8.8, tó jẹ́ DNS ti Google, sí ìparí rẹ̀ kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ la ti lọ béèrè. Èsì dé lójú ẹsẹ̀.

Mo tẹ ipconfig /all, mo wo iwájú DNS Servers: 10.0.0.53. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ níbi iṣẹ́, lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ibi iṣẹ́ nìkan ló ti lè dáhùn. Mo dá ètò náà padà sí Automatic, mo fi ipconfig /flushdns nu èsì DNS àtijọ́ tó ti há sórí kọ̀ǹpútà, mo tún ping google.com. Nọ́ńbà yọ níwájú orúkọ, èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tò tẹ̀ lé e.

Ohun kan ló kù: bí ping kò bá dáhùn, ẹ má tíì sọ pé ibẹ̀ ti kú. Sáfà púpọ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ fún un pé kó má dá ping lóhùn.