Ẹ fọ ewé ata yín ná kẹ́ ẹ tó ra fàtiláísà

Ẹ̀yin ará wa ní Iléṣà tẹ́ ẹ ń gbin ata àti ugu sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́bàá títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, ẹ má tíì náwó sórí fàtiláísà lásìkò ọyẹ́ yìí o, ẹ kọ́kọ́ fọ ewé yẹn. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdérí ike omi, ẹ wọ́n ọn látòkè, ẹ wá yí ewé sókè kẹ́ ẹ wọ́n abẹ́ ẹ̀ náà, láàárọ̀ kùtù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ìdí ni pé inú ewé ni ata ti ń se oúnjẹ ara ẹ̀: kòlòrófíìlì tó jẹ́ kó ní àwọ̀ ewé ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, agbára yẹn ló fi ń po omi tí gbòǹgbò fà wá mọ́ kábọ́nì dayọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́, ó di ṣúgà, ọ́síjìn sì jáde. Abẹ́ ewé ni ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé pọ̀ sí jù. Tí eruku pupa bá wá bo gbogbo ẹ̀ (ẹ fi ìka fa ilà sójú ewé kan, ẹ ó rí i), iná ìdáná ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Fàtiláísà tẹ́ ẹ ń pè lóúnjẹ, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí, kì í ṣe ẹ̀bà. Àmọ́ tó bá jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò lẹ gbé àpò sí, ẹ fọ̀ ọ́ títí, kò ní yí nǹkan padà, ẹ gbé e bọ́ sínú oòrùn.