Bí A Ṣe Ń Wá Síwájú Ọlọ́run Nínú Àdúrà

Aago márùn-ún ìdájí ni kí ẹ dìde, nítorí pé ní Iléṣà níbí, kí ó tó di aago mẹ́fà, àwọn ọlọ́kọ̀ yóò ti máa ké pe èrò lójú títì. Ẹ ti ìlẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí Jésù ti kọ́ni nínú Mátíù orí 6, ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì, kí ẹ sì kúnlẹ̀. Tìmùtìmù dára fún orúnkún, ṣùgbọ́n ìró àtijọ́ tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ògiri ni kí ẹ kọjú sí, bí Hesekáyà ti ṣe lórí ibùsùn àìsàn. Mo mọ̀ pé fèrèsé Dáníẹ́lì wà ní ṣíṣí ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì kò ní irú aládùúgbò tí mo ní.

Ọpẹ́ ló kàn, kò sì nira fún ọmọ Yorùbá. Orin kan ti tó.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Gbólóhùn tí ó ń bà á jẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà: “Olúwa, dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá àti èyí tí a kò mọ̀ọ́mọ̀ dá jì wá.” Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé orí owó ilé àti ìwé ìrìnnà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń ta gàrí ní ọjà Atákúmọ́sà, wọ́n ti lu ìdí kóńgò mi wọ inú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan fi ń dín nínú ohun tí oníbàárà ń gbé lọ. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi “mọ̀ọ́mọ̀ àti àìmọ̀ọ́mọ̀” bo kóńgò yẹn mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí mo là á mọ́lẹ̀ pé, “Baba, kóńgò mi kò pé,” n kò lè gbé e lọ sọ́jà mọ́. Mo ra òmíràn.

Nítorí náà, ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí etí yín gbọ́ ọ. Nígbà ìsọjí Òkè Ooyè ní ọdún 1930, tí ogunlọ́gọ̀ ń wọ́ tọ wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wá sí Iléṣà, àwọn ènìyàn kó oògùn àti ère wọn jáde kí a lè dáná sun wọ́n; ohun tí ọwọ́ gbá mú ni wọ́n kó wá. Ẹ má ṣe fi ẹjọ́ ọkọ tàbí ti ìyàwó yín dípò, nítorí pé Farisí inú Lúùkù orí 18 náà mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn dáadáa. Bí ìjà bá wà láàárín yín àti ẹnìkan, Mátíù orí 5 sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ parí rẹ̀. Bí ẹni náà bá wà ní Èkó, ẹ pè é, kí ó gbọ́ ohùn yín. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò tó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè. Ohun mẹ́ta péré ni mo máa ń béèrè, ní orúkọ Jésù, nítorí pé bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn a máa pínyà. Bí ọkọ̀ bá ń dúró dè yín, Àdúrà Olúwa ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dìde, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ béèrè àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí ọmọ kọ dé ìdajì kí ó tó gba òmíràn nílé-ìwé ni mo ń lò.