Bí Kúárì Bá Ń Fa Omi Kànga Yín Lọ

Màlúù 23 ni mò ń sìn ní abúlé wa lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Kànga tí bàbá mi gbẹ́ ni wọ́n ti ń mu omi. Ilé-iṣẹ́ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta ní tòsí wa, wọ́n ń fi ohun abúgbàù yin àpáta lọ́sàn-án, kò sì pé ọdún méjì tí korobá wa fi ń ha ìsàlẹ̀ kànga. Mo lọ bá máníjà wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á." Mi ò rí èsì fọ̀, torí mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀; ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi. Ẹ̀yin tí kúárì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mò ń kọ èyí sí.

Okùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má dúró dìgbà tí omi bá lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí àwọn tó ń wá wọn ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú okùn tí kì í fà, ẹ so òkúta tó tó ìkúùkù mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ ta kókó sí ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan. Lárààárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ríǹgì. Bí òkúta bá kan omi, ẹ ó gbọ́ ọ, okùn á sì fúyẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ di ojú ibẹ̀ mú, ẹ ka kókó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, iye mítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn kànga mìíràn tó jìnnà sí kúárì. Èyí gan-an ló pa máníjà yẹn lẹ́nu mọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn kì í yan kànga. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, kànga ọ̀rẹ́ mi ní abúlé kejì lọ sílẹ̀ ní mítà 1. Tèmi lọ ní mítà 4. Òjò dé, tirẹ̀ gòkè padà, tèmi ò gòkè. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa níbí. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta yẹn àti ojú ibi tó ti là ni omi ń gbé. Bí kòtò wọn bá jìn ju kànga yín lọ, tí ẹ́ńjìnnì wọn sì ń fa omi inú rẹ̀ dànù, omi yín lè máa gba ojú ibi tí àpáta ti là lọ bá wọn. Ẹ ya fọ́tò páìpù tí wọ́n fi ń dà á síta.

Ẹ ya fọ́tò ríǹgì tó bá sán pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì kọ aago tí wọ́n yin àpáta.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí Baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ wọn sí ẹ̀dà kan fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ lọ dínà fún àwọn típà; mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Bí ọlọ́pàá bá fi lè dé, ọ̀rọ̀ kànga ti di ọ̀rọ̀ ìjà nìyẹn.

Ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ ni òkúta o. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ọdún 2007 kọ̀ fún wọn láti ba omi jẹ́, ó sì ní kí wọ́n bá ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àdéhùn náà hàn yín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí MIREMCO, ìgbìmọ̀ tí òfin yẹn gbé kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Tánkà omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí. Mo ṣírò rẹ̀ lójú wọn: màlúù kan lè mu lítà 40 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti 23 jẹ́ 920, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 37. Nígbà tí wọ́n rí iye yẹn, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa. Ẹ kọ ẹni tí yóò máa ra díísù àti ẹni tí yóò máa tún pọ́ǹpù ṣe sínú ìwé. Èmi ò kọ ọ́. Pọ́ǹpù jó lóṣù kẹjọ, mo sì jókòó sẹ́nu géètì wọn fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ó ti wà nínú ìwé báyìí, mo sì ṣì ń fi okùn wọn kànga bàbá mi ní gbogbo Sátidé.