Ẹ Yé Torí Kọ́kọ́rọ́ Ilé Náwó Dànù

Èmi ẹ́jẹ́ǹtì ni, àwa tẹ́ ẹ̀ ń bú yẹn. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń wá ilé féèyàn ní Sùúrùlérè àti Yábàá, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ayálégbé tuntun sì ti sú mi.

Èkíní: ẹ má sanwó láìgba rìsíìtì. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ló ní kí onílé kọ ọ́ fún yín.

Èkejì: ẹ má san ọdún méjì. Òfin yẹn náà ní owó ọdún kan ni onílé lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. (Èmi náà san ọdún méjì ní Bàrígà nígbà kan. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín.)

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé? Àwọn kan ń wò níran tí onílé ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn nígbà tí wọn ò sí nílé. Àwọn kan sì rò pé àwọn ti sanwó, onílé ò gbọdọ̀ yọjú mọ́. Lọ́jọ́sí, páìpù bẹ́ nínú ògiri bọ̀dá kan lókè. Onílé kọ lẹ́tà, ó mú pulọ́ńbà wá láago mẹ́wàá àárọ̀. Bọ̀dá ti fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà: "Ilé mi ni títí December!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lomi fi ń kán, àfi gbàà! Síìlìn já lu fìrísà màmá ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn, irun mi kún fún ẹrẹ̀. Bọ̀dá sanwó lọ́yà, ó tún ra fìrísà.

Ohun tí òfin wí ò le: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàdédé yọ yín lẹ́nu nínú ilé yín, ṣùgbọ́n onílé lè wọlé lọ́sàn-án, tó bá ti kọ̀wé ṣáájú, láti yẹ ilé wò tàbí tún un ṣe. Ẹ fèsì lórí WhatsApp, ẹ dá ọjọ́ àti aago, kẹ́ ẹ sì dúró níbẹ̀.

Tó bá já wọlé láìsọ, ẹ má gbá a létí. Ẹ má sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá náà, owó bélì ló ń bí. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń làjà láìgba kọ́bọ̀.

Ṣé ẹ̀kẹrin la dé ni? Bí onílé bá fẹ́ kẹ́ ẹ kó jáde, tẹ́ ẹ bá ń san lọ́dọọdún, tí ẹ ò sì jọ ṣàdéhùn mìíràn, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí yín, lẹ́yìn náà nótíìsì ọjọ́ méje pé ó fẹ́ gba ilé rẹ̀, kó tó kan kótù. Onílé tó bá fipá lé yín jáde lè san tó 250,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin ará Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, òfin yìí ò kàn yín. Ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín.

Ẹ má sì lẹ tàìlì láìjẹ́ pé onílé kọ̀wé gbà á. Ẹnìkan lẹ tirẹ̀ ní Mushin. Ọdún tó tẹ̀lé e, onílé fowó lé owó ilé: ó ní ilé òun ti di ilé oní-tàìlì.